Bí ẹ ṣe lè wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 17 ni yín tàbí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Àwọn tó ń wá bá mi ní Ṣágámù nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: "Sístà, ṣé ọjọ́ orí mi ò tíì kọjá báyìí?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Èsì WAEC yín dà?" Ohun tí mo ti fojú rí ló ń jẹ́ kí n béèrè bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí mo ti bá wá fọ́ọ̀mù kiri, ìwọ̀nba ni àwọn tí ọjọ́ orí dá padà. Ìwé ló ń dá èèyàn padà: Físíìsì tí wọn ò ṣe rí, Ìṣirò tó di D7, orúkọ ilé ọkọ tí kò bá orúkọ ara ìwé mu. Ẹni tí ìwé ò bá dá padà, ilé lè dá a padà: ta ni yóò bá a lọ mú ọmọ ní ilé ìwé ní ọjọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ di alẹ́? Ẹni tó bá ti yanjú ìwé, tó sì yanjú ilé, ọ̀nà wà fún un, ọmọ ọdún 17 ni o, ẹni ogójì ọdún ni o.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fi ń ká àwa ará ibí lára. Ní Ìjẹ̀bú, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi ọjọ́ orí pamọ́, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà ayẹyẹ Ojúde Ọba, gbogbo ìlú ló ń rí ẹgbẹ́ tí kálukú bá jó wọlé. Wọ́n mọ ẹni tó ti kọ́lé nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n mọ ẹni tó ti fa ọmọ fọ́kọ. Kí obìnrin inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tún wá wọ yunifọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́, kí ó gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká gba iwájú ọjà kọjá, ojú á tì í. Ojú ti èmi náà. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti bí ọmọ méjì, mo sì ń ta próvíṣọ̀n ní Sábó kí n tó wọ kíláàsì. Ìtàn Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ló kì mí láyà nígbà náà. Olùkọ́ ni ìyá yẹn nílùú Èkó, ó sì ti lọ́kọ, kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1946. Òun ló padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ métírọ̀nù, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn.

Ẹ kọ́kọ́ tú àpótí ìwé yín

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. A1 títí dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 kò wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ẹ bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹ lè so èsì méjì pọ̀, ìjókòó WAEC kan àti ti NECO kan, bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹ ka ìkéde wọn dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Èsì WAEC kì í kú. Èyí tí ẹ gbà ní 1998 ṣì wúlò bí èyí tí ọmọ yín gbà lọ́dún tó kọjá. Bí ìwé ẹ̀rí náà bá ti jóná tàbí tó ti sọnù, WAEC ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní attestation tí wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a báyìí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá pè yín fún ìdánwò ìgbaniwọlé.

Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń wá bá mi ló jẹ́ pé kíláàsì commercial ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní Ìṣirò, wọn ò fojú kan Físíìsì rí láyé wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn nìyí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò GCE, èyí tí ẹni tí kò sí nílé ìwé mọ́ lè ṣe, wà fún irú yín. WAEC máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìkejì lẹ́yìn ìdajì ọdún. NECO náà ń ṣe tiwọn lápá ìparí ọdún. Ẹ fi ọdún kan gbáko kàwé kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀, kí owó yín má bàa lọ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ nípa Kẹ́mísírì, Bàọ́lọ́jì àti Físíìsì ti GCE. Àwọn tó ń ṣe é láti ìta kì í wọ láàbù lọ da kẹ́míkà pọ̀. Ìwé ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní alternative to practical ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á ya irinṣẹ́ sórí ìwé, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà, wọ́n á ní kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ó ń dín ìbẹ̀rù kù, àmọ́ ẹni tí kò rí i rí kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ wá ibi lẹ́sìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń múra èèyàn sílẹ̀ fún ìdánwò, tí olùkọ́ rẹ̀ lè mú yín wọ láàbù ilé ìwé gírámà kan lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ fojú ara yín rí bí omi inú ìgò ṣe ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá kán sí i. Lẹ́sìn alẹ́ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù. Ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ Físíìsì níbẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó. Bí ọmọ yín bá wà ní SS2, ẹ jọ máa kàwé pọ̀ lórí tábìlì kan. Mo mọ ìyá kan ní Ìpẹ̀rù tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣàlàyé ìwọ̀n àti ìyára fún un títí ó fi yé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn. Ẹni tó bá ra kírẹ́díìtì Ìṣirò, òun náà ni yóò dúró níwájú ọmọ olóṣù mẹ́ta lọ́la, tí yóò ní láti ṣírò ìdá oògùn tí yóò fà sínú abẹ́rẹ́ látinú ìgò tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà. Kò sí ẹni tí yóò bá a dáhùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ jù. Orúkọ bàbá yín ló wà lára WAEC. Orúkọ ọkọ yín ló wà lára NIN. Orúkọ tó wà lára NIN ni JAMB yóò sì gbé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa tẹ̀ lé yín láti fọ́ọ̀mù JAMB títí dé ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹ lọ sí kóòtù, ẹ búra sí ìwé áfídáfíìtì pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì, ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹ tọ́jú ojú ìwé tó jáde, ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tì í. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà. Mo ti rí ẹni tí NIN rẹ̀ fi ọdún méjì dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, tí ó ń sáré kiri lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì.

JAMB wá ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ẹ lè ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan, kí ẹ ṣe ìdánwò wọn, kí ẹ sì wọlé. Nǹkan ti yí padà. Láti ìgbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND, JAMB ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi NIN yín ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti orí fóònù yín, nọ́ńbà profaili yóò wọlé, ẹ gbé e lọ forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó CBT, ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí JAMB fọwọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni ẹ ó ṣe, máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀. Ní 2025, 140 ni wọ́n fi ṣe òǹkà tó kéré jù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, 150 fún yunifásítì. Ẹ má jẹ́ kí 140 fi yín lọ́kàn balẹ̀ o. Àwọn tó ń wá ààyè nọ́ọ̀sì pọ̀ ju ààyè lọ, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì tún ń ṣe ìdánwò tàbí ìbéèrè ojúkorojú tirẹ̀ lé e. Ẹ lé 200 kọjá kí ọkàn yín tó balẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà méjì, àti àwọn tó dà bí ẹnu ọ̀nà

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì. Ọdún 3 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nígbà tó ṣì ń jẹ́ School of Nursing. Èyí tuntun jẹ́ ND ọdún 2 àti HND ọdún 2. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní ti Abẹ́òkúta, àwọn Kátólíìkì sì ní ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta bákan náà. Ẹnu ọ̀nà kejì ni yunifásítì, ọdún 5, oyè nọ́ọ̀sì tí a ń pè ní BNSc. Lágbègbè wa níbí, Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ń kọ́ni ní nọ́ọ̀sì, ó sì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tirẹ̀ níbẹ̀. Ti aládàáni ni, owó rẹ̀ sì ga. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ìdánwò Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí a máa ń pè ní Council, ló wà lópin rẹ̀. Ìdánwò yẹn ló ń sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì lójú òfin.

Nítorí ìdánwò yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan: indexing. Council fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà lọ́dún. Ilé ẹ̀kọ́ yóò fi orúkọ iye yẹn ránṣẹ́, Council yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú indexing kò lè jókòó ṣe ìdánwò Council, kódà bó bá lo ọdún mẹ́rin nínú kíláàsì. Ilé ẹ̀kọ́ tí Council kò fọwọ́ sí kò tiẹ̀ ní ọ̀nà láti ṣe indexing rárá. Ẹ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú àkójọ tí Council gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ béèrè pé, "Èèyàn mélòó ni Council ní kí ẹ gbà? Mélòó la jẹ́ ní kíláàsì?" Bí wọ́n bá ń yí ojú kúrò, ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe auxiliary, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ọ̀gẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní aṣọ funfun, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára, àwọn òbí rẹ̀ á sì máa pè é ní nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí tí Council ò mọ̀. Ọmọ yẹn ti ṣiṣẹ́, ó ti sùn sórí àga lóru, ó ti gbá ilẹ̀ ẹ̀jẹ̀, ìwé náà ò sì ní gbé e dé ibì kankan. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ báyìí, n ò sọ pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù ibẹ̀ ra fọ́ọ̀mù GCE fún yín. Ẹ gba ọ̀gá yín láyè láti mọ̀ pé ẹ fẹ́ kàwé, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ kí èèyàn kàwé, ì báà ṣe títa ọjà. Ohun tí ojú yín ti rí ní wọ́ọ̀dù yóò ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá wọ ilé ẹ̀kọ́ tòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún kírẹ́díìtì kan ṣoṣo.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ìjọba ní Ìlésè-Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ gidi ni, àwọn CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, tó ń jáde níbẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ibùdó ìlera abúlé ró. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì, àjọ tó ń ṣàkóso wọn sì yàtọ̀. Bí ẹ bá jáde níbẹ̀ tí ẹ tún fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn ṣì ni wọ́n ó bi yín.

Ibi tí ẹ dé nínú ayé

Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní SS3, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. JAMB ní ọmọ ọdún 16 ló kéré jù tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àkókò wà lọ́wọ́ rẹ, orí rẹ ṣì ń gba ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ ni bóyá ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ ẹ, tàbí màmá rẹ ló fẹ́ kí o lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ tí ilé tì wọlé ni mo máa ń rí tó ń sunkún ní wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n wẹ òkú. Kí o tó ra fọ́ọ̀mù, lọ bá ìbátan rẹ kan tó wà ní ilé ìwòsàn jókòó, bá a fún aláìsàn lóúnjẹ, bá a da ìgbọ̀nsẹ̀ nù. Bí o bá padà wálé tí o ṣì fẹ́ ẹ, lọ síwájú. Bí owó bá sì wà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ, ti yunifásítì ló dára jù fún ọjọ́ orí rẹ. Wàá ṣe ọdún kan internship, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò, lẹ́yìn rẹ̀, wàá sì sin ilẹ̀ baba rẹ ní NYSC.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè nínú nǹkan mìíràn, Bàọ́lọ́jì, Máíkíròbàọ́lọ́jì, Bàòkẹ́mísírì, tí iṣẹ́ ò sí, ẹ béèrè Direct Entry, ọ̀nà tí ẹni tó ti gboyè ń gbà wọlé, lọ́wọ́ àwọn yunifásítì. Àwọn tó ń gbà á máa ń mú èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti 200 level, ẹ ó fi ọdún kan jèrè. Ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gboyè, ìwé àyọ̀ǹda NYSC (exemption) ni yóò gbà.

Ìyálé ilé tó ti lé lọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi.

Ẹ pe ìpàdé kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Ọkọ yín, ìyá yín tàbí ìyá ọkọ yín, àbúrò tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lọ kàwé nìkan, ẹ tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ kí ẹ kọ bí ọ̀sẹ̀ yóò ṣe rí. Kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù jẹ́ mẹ́ta: ti àárọ̀, ti ọ̀sán tó ń wọ alẹ́, àti ti òru. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó pọ̀ ń fi dandan lé gbígbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àgàgà lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n á tún rán yín lọ síbi iṣẹ́ mìíràn: láti kọ́ nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, kí ẹ wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti kọ́ nípa ìlera ìgbèríko, ẹ lè wà ní abúlé. Ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ ní gbogbo ìgbà yẹn? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, kí ó fẹnu ara rẹ̀ gbà á lójú gbogbo yín. "Ọlọ́run á ṣe é" dára nínú àdúrà, ṣùgbọ́n kò lè mú ọmọ ní ilé ìwé ní aago méjì. Èmi kó àwọn ọmọ tèmi lọ bá ìyá mi ní Òde-Rẹ́mọ. Mo sì ń san owó oúnjẹ wọn fún un lóṣooṣù láìjẹ́ kó béèrè, nítorí ìyá náà ń dàgbà, iṣẹ́ ni mo gbé lé e lọ́wọ́.

Ọkọ tó bá sọ pé òun fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ó mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ẹ ò ní dáná lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ó sùn síta nítorí iṣẹ́ òru. Bí kò bá lè gba èyí, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ kí owó tó jáde. Bí ẹ bá ṣì ń retí ọmọ, ẹ béèrè òfin ilé ẹ̀kọ́ náà lórí oyún. Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lóyún dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé kí wọ́n lọ rí àwọn onífètò-sọ́mọ-bíbí ní ibùdó ìlera kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé.

Owó ńkọ́? Ẹ má ta ìsọ̀. Ẹ fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sínú rẹ̀, kí ẹ jọ pín èrè. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ẹ ó san: yunifọ́ọ̀mù wà, bàtà wà, ìwé ńláńlá wà, owó indexing wà, owó ìdánwò Council wà, ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá wà nínú kọ́pẹ́rétíìfù tàbí tí ẹ ń dá èsúsú, ẹ bẹ olórí yín kí tiyín bọ́ sí oṣù tí ẹ ó sanwó wọlé. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND ní 2024, kò ní èlé, ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ti aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ lọ bá olórí ẹgbẹ́, ẹ ṣàlàyé pé títí ẹ ó fi jáde ẹ ò ní lè máa ra aṣọ Ojúde Ọba. Ẹgbẹ́ tèmi gbà, wọ́n tún dáwó ra bàtà funfun fún mi. Ìjẹ̀bú mọyì ẹni tó bá sọ òótọ́ nípa owó.

Ẹni tó ti lé lógójì, ẹ fi ìka ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 42, tó lo ọdún 4, yóò jáde ní 46. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó ti kọjá ọdún 50 wọlé, ọdún 60 ni ìfẹ̀yìntì tẹ́lẹ̀, ní 2025 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó di 65 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí náà ẹ ṣì lè ṣe ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, ó kéré tán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 47 yóò jáde ní 51, ìjọba ò ní gbà á. Ilé ìwòsàn aládàáni àti ìtọ́jú àgbàlagbà nílé ni yóò kù fún un. Ẹ ka ìkéde kọ́lẹ́ẹ̀jì dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń kọ òpin ọjọ́ orí sínú rẹ̀. Yunifásítì kì í sábà kọ ọ́. Ẹni tó ti tó àádọ́ta, tó sì ní láti yá owó kó tó lè san án, n kì í gbà á níyànjú. Ẹ jẹ́ kí a wá ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí ìtọ́jú arúgbó, tí ẹ ó fi máa rówó láìpẹ́, kí owó ńlá náà rán ọmọ yín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tí ẹ kàn fẹ́ BNSc, ti National Open University wà fún ẹni tí Council ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti wọlé

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, tí a máa ń pè ní PTS, ló ń yọ èèyàn kúrò jù. Ara èèyàn láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, egungun 206, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kùnà ìdánwò PTS, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń ní kí ó máa lọ sílé. Ọmọ ọdún 18 lè kà á lóru méjì kó wọ orí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi ọwọ́ kan egungun náà lára ara yín bí ẹ ṣe ń pè é. Ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ìwé ò wọ orí wọn mọ́, awò ojú ni wọ́n nílò.

Ní wọ́ọ̀dù, àgbà yín yóò hàn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá arúgbó kí ẹ tó bá a ká aṣọ sókè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún obìnrin tí oyún rẹ̀ bà jẹ́, àti ohun tí wọn kì í sọ. Ẹ̀kọ́ yẹn kò sí nínú ìwé kankan, àwọn ọmọ kéékèèké yóò sì máa wò yín ṣe é. Àmọ́ olùkọ́ yín (tútọ̀) tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ gba àtúnṣe rẹ̀. Òun ni yóò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ yín.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ìgbà mẹ́ta ni: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ bá gba ìwé ìgbaniwọlé. Bí ẹ bá gún abẹ́rẹ́ tán, ẹ má dé ìdérí rẹ̀ padà, inú àpótí rẹ̀ ni kí ẹ jù ú sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ra bàtà tí ẹ lè fi dúró wákàtí mẹ́jọ, ẹ má wo ẹwà rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lára àwa tí a bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ gbé aláìsàn, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sókè dé ìbàdí yín bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gbéra, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ sì pe ẹnì kejì kí ó tó di pé ẹ fọwọ́ kàn án.